Àwọn Ọkùnrin Mẹ́rin Inú Ọkọ̀ Aláìlórí

Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko ni Ojú-Abẹ́rẹ́ fi bá ẹ̀gbọ́n ẹ̀ yodì. Kí ló fà á? Búrọ́ṣì ni o. Búrọ́ṣì kan ṣoṣo tí ṣóńṣó ẹ̀ ò ju irun ìpéǹpéjú lọ. Bọ̀dá yìí mú un, ó tì í bọ gúlù, ó fi lẹ ẹsẹ̀ ọkọ̀ ogun pọ̀. Ìgbà tí Ojú-Abẹ́rẹ́ máa rí i, búrọ́ṣì ti gan paali bí ẹja gbígbẹ. Ó sọ̀rọ̀ sí i, ẹ̀gbọ́n náà dá a lóhùn, ni kálukú bá wọ yàrá iṣẹ́ ẹ̀, ó pa ilẹ̀kùn dé.

Bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ kan náà ni wọ́n jọ ń ṣe. Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ló ń gbé e fún wọn: ogun àgbáyé kejì yẹn, kí wọ́n ṣe é ní kékeré sínú àpótí gíláàsì kí àwọn ọmọ iléèwé lè rí i. Ẹ̀gbọ́n ló ń to ọkọ̀ ogun àwọn ará Jámánì, àwọn onírin tí wọ́n ń pè ní táǹkì. Àbúrò ló ń kun àwọn èèyàn inú ẹ̀, ère rọ́bà tí ò ga ju ìka lọ. Ó lè fi ọ̀dà tẹ bọ́tìnì sórí àyà tí ò fẹ̀ tó èékánná, ìdí nìyẹn tí gbogbo ilé fi ń pè é ní Ojú-Abẹ́rẹ́.

Ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, aago méjìlá ọ̀sán ni Màmá Dojúbolẹ̀ ń bọ̀ wá wo iṣẹ́. Òun ni aláyẹ̀wò ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé yẹn. Obìnrin kúkurú kan báyìí, kì í pariwo, ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣe ère ń bẹ̀rù ẹ̀ ju iná lọ. Tó bá rí aṣọ tí ò tọ́ lára ère, kò ní bú ẹ, kò ní ṣàlàyé kankan. Á kàn rọra mú ère yẹn, á da ojú ẹ̀ bolẹ̀ sórí tábìlì. Ọ̀kan, ó lè mójú kúrò. Tó bá pé méjì, ó parí, kò ní gbéṣẹ́ fún yín mọ́ láéláé. Ọ̀rẹ́ wọn kan tó ń ṣe ọkọ̀ òfurufú tẹ́lẹ̀, géètì ló ń kùn báyìí.

Ẹ má sì rò pé ìkà ni màmá yẹn. Ó sọ ọ́ fún wọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó ní, "Àwọn èèyàn kan wà níta tó ń sọ pé láabi tí wọ́n ṣe nínú ogun yẹn ò ṣẹlẹ̀. Tí a bá parọ́ lórí bọ́tìnì, wọ́n á ní a parọ́ lórí òkú náà." Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò létí Ojú-Abẹ́rẹ́.

Nígbà tó di aago mẹ́wàá, ó ti ṣe tán. Àwọn ọkùnrin mẹ́rin tò sórí tábìlì, wọ́n ń dán. Jákẹ́ẹ̀tì dúdú kúkurú tó ṣẹ́ léra níwájú, ṣòkòtò dúdú, fìlà dúdú, okùn píǹkì tín-ín-rín yí etí kọ́là po. Bí àwọn tó ń wa ọkọ̀ ogun ṣe ń múra gẹ́lẹ́ nìyẹn nígbà yẹn. Ohun kan ṣoṣo ló ti ń jẹ ẹ́ lọ́kàn láti ọjọ́ kìíní: kí ló dé tí ìwé iṣẹ́ fi ní kó ṣe mẹ́rin? Márùn-ún ló sábà máa ń wà nínú irú ọkọ̀ tó mọ̀. Ṣùgbọ́n ta ni kó bi? Ẹni tó yẹ kó bi náà ló ń bá yodì.

Ni ilẹ̀kùn bá ṣí. Ẹ̀gbọ́n gbé ọkọ̀ ogun wọlé, ó rọra gbé e kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ọkùnrin mẹ́rin.

Ojú-Abẹ́rẹ́ wo ọkọ̀. Ó wo àwọn èèyàn ẹ̀. Ó tún wo ọkọ̀.

"Bọ̀dá. Orí ọkọ̀ yìí dà?"

"Háà, o ti mọ ọ̀rọ̀ sọ? Mo rò pé ahọ́n ẹ ti gbẹ bí búrọ́ṣì ẹ ni."

"Ẹ jọ̀ọ́, orí ẹ̀ dà? Ibi tó máa ń yí sọ́tùn-ún sósì, tí ìbọn ń yọ níbẹ̀?"

"Kò lórí. Bí wọ́n ṣe rọ ọ́ nìyẹn, inú àyà ẹ̀ ni ìbọn wà. Ó wà nínú ìwé tí wọ́n fún mi."

Ojú-Abẹ́rẹ́ gbé búrọ́ṣì kalẹ̀. Ó jókòó. "A ti kú nìyẹn."

"Ta ló kú?"

"Ọkọ̀ aláìlórí, kì í ṣe àwọn aláṣọ dúdú ló ń wà á! Àwọn oníbọn ńlá ló ni ín. Jákẹ́ẹ̀tì wọn rí bákan náà, ṣùgbọ́n àwọ̀ eérú tó fi díẹ̀ jọ ewé ni. Kò sí okùn kankan létí kọ́là. Àmì kékeré tó wà lórí kọ́là nìkan ni wọ́n fi pupa yí ká. Pupa o, kì í ṣe píǹkì! Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Ṣé o bi mí ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ò dùn, ṣùgbọ́n òótọ́ ni.

Ẹ̀gbọ́n wo aago. "Wákàtí méjì ló kù. Kí ni mo lè ṣe?"

"Ẹ mú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun wá. Ẹ má sì fọwọ́ kan búrọ́ṣì mi kankan!"

Báyìí ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbọ́ o, àtikun nǹkan dúdú di eérú kì í ṣe eré. Tí ọ̀dà bá ki, ó máa bo bọ́tìnì, ó máa bo ojú ìránṣọ, ère á wá dà bí ẹni tó ṣubú sínú ẹ̀kọ. Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, ìpele lórí ìpele, kí ọ̀kan gbẹ kí òmíràn tó gorí ẹ̀. Ojú-Abẹ́rẹ́ ń kùn, ẹ̀gbọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí i. Ó ń mí sókè, ó ń mí sísàlẹ̀.

"Ẹ má mí sí mi lọ́rùn."

"Kí n má mí?"

"Ẹ lọ mí síbòmíràn."

Ọ̀kan parí. Èkejì parí. Aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó mú ẹ̀kẹta. Ó kun jákẹ́ẹ̀tì, ó kun ṣòkòtò, ó kun fìlà, ó fi pupa yí àmì kọ́là ká. Bó ṣe fẹ́ nawọ́ mú ẹ̀kẹrin, agogo ẹnu ọ̀nà dún.

Wọ́n wo ara wọn. Ó ku ogún ìṣẹ́jú kí aago méjìlá lù.

"Òun ni," ẹ̀gbọ́n sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Fi ẹ̀kẹrin sápò. Ká ní ó sọnù."

"Mẹ́rin ló wà nínú ìwé."

"Ká wá ní àlejò ni. Ó wá láti inú ọkọ̀ mìíràn, ó wá kí wọn."

"Bọ̀dá! Àlejò wo lójú ogun?"

Ojú-Abẹ́rẹ́ sáré lọ ṣílẹ̀kùn. Àárín ọ̀nà ló ti rántí. Ẹ̀yìn ọrùn ẹ̀kẹta! Iwájú kọ́là nìkan ló kùn. Okùn píǹkì ṣì wà lẹ́yìn ọrùn ọkùnrin yẹn, gbangba báyìí. Ọ̀kan dúdú, ọ̀kan oní-píǹkì: méjì nìyẹn. Iṣẹ́ ti lọ. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹ̀ ti wà lára kọ́kọ́rọ́, màmá sì ti ń wò ó látinú gíláàsì ilẹ̀kùn.

"Mo tètè dé," Màmá Dojúbolẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀ mà. Ẹ... ẹ máa bọ̀ mà."

Nígbà tí wọ́n wọ yàrá, ẹ̀gbọ́n dúró gbagidi lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, ọwọ́ ẹ̀ wà lẹ́yìn bí ọmọ tó jí ṣúgà. Kí màmá tó yọ gíláàsì tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, Ojú-Abẹ́rẹ́ kọjá lára ẹ̀, ó mú ẹ̀kẹrin, ọkùnrin aláṣọ dúdú yẹn, ó da ojú ẹ̀ bolẹ̀ fúnra ẹ̀.

"Èyí ò tọ́ mà. Mo kùn ún kí n tó mọ ọkọ̀ tó ni ín."

Màmá wò ó. Ó mú ère kìíní, ó yí i po, ó gbé e nàró. Ó mú èkejì, ó yí i po, ó gbé e nàró. Ó wá mú ẹ̀kẹta. Ó wo iwájú. Ó yí i padà, ó gbé gíláàsì lé ẹ̀yìn ọrùn ẹ̀. Ó dúró síbẹ̀. Ó dúró síbẹ̀ pẹ́. Ojú-Abẹ́rẹ́ ò mí mọ́ rárá.

Màmá gbé ìka ẹ̀ sókè. Àbààwọ́n eérú wà lórí ẹ̀. "Ọ̀dà ẹ̀yìn ọrùn yìí ṣì tutù."

"Ọ̀dà... ẹ̀yìn ọrùn, mà?"

"Ó nípọn díẹ̀. Ṣùgbọ́n aṣọ tí ò tọ́ ni mò ń wá, mi ò wá ọ̀dà tútù." Ó gbé e nàró.

Ojú-Abẹ́rẹ́ rọra yíjú sí ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ń wo àjà. Ó yọ ọwọ́ kan wá síwájú, ó fi nu imú: orí ìka àti imú, gbogbo ẹ̀ ti di àwọ̀ eérú. Kò fọwọ́ kan búrọ́ṣì, wọ́n ti kìlọ̀ fún un. Igi ìtayín ló lò.

Màmá wá yí ọkùnrin aláṣọ dúdú tó dojú bolẹ̀ yẹn sókè, ó gbé gíláàsì lé e. Ó tẹ̀lé okùn píǹkì yẹn yí kọ́là po láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

"Ọjọ́ mélòó lo fi ṣe èyí?"

"Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọjọ́ mẹ́sàn-án mà."

"Má kùn ún mọ́. Ọkọ̀ tó ni ín ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀, á wọ̀ ọ́. Èyí tó yẹ kó wà níhìn-ín, gbé e wá fún mi lọ́jọ́ Ẹtì." Ó di gíláàsì ẹ̀, ó sì fa ìwé iṣẹ́ tuntun méjì yọ látinú báàgì, ọ̀kan fún ẹ̀gbọ́n, ọ̀kan fún àbúrò.

Bí ilẹ̀kùn ṣe pa dé báyìí, Ojú-Abẹ́rẹ́ gba ìwé ọwọ́ ẹ̀gbọ́n ẹ̀, ó tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiẹ̀ lórí tábìlì.

"Bọ̀dá, èyí ń kọ́? Ṣé ó lórí?"

"Ó lórí. Èèyàn márùn-ún ló wà nínú ẹ̀." Ó fa àga, ó jókòó. "Tún bi mí ní nǹkan mìíràn."