Àwọn Mẹ́rin tó Wà Lábẹ́ Jeannette

"Orúkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀," Veldon Dunsmure wí. Ó ti ìwé ńlá náà sẹ́yìn lórí tábìlì ilé àkójọ ìwé àtijọ́.

Ẹrú méjìlélọ́gọ́fà ni òyìnbó olóko tó ń jẹ́ Dunsmure ní lọ́dún 1817. Veldon ti fi ìka tẹ̀lé orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò rí Jeannette, ìyá ńlá tó bí ìran wọn. Bẹ́ẹ̀ òun ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ pè nígbà tí wọ́n bá gbé oúnjẹ kalẹ̀ fún àwọn òkú ìdílé. Lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, wọ́n máa gbé òkúta lé ibojì ìyá Veldon ní erékùṣù Carriacou, nílé wọn. Ó fẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ Jeannette sí i: ẹrú tó di ẹni òmìnira.

Ìyáàfin Pascall, tó ń tọ́jú ìwé àtijọ́ níbẹ̀, wò ó.

"Bàbá, ìwé àwọn ẹrú òyìnbó yẹn nìkan lẹ ti ń wò láti àárọ̀. Àwọn mìíràn náà ní ẹrú."

"Kí ló kàn mí nínú ìyẹn? Òyìnbó ni gbogbo wọn."

"Gbogbo wọn kọ́ o, bàbá."

Ó ṣí ìwé mìíràn, ó sì kà á sókè: "Jeannette Dunsmure, obìnrin pupa, ẹni òmìnira. Ẹrú mẹ́rin. Cudjoe. Rosalie. Ọ̀kan tó ń jẹ́ Present. Fanchette, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, alásè."

Veldon fa ìwé náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ó mọ orúkọ Fanchette. Gbogbo abúlé wọn ló mọ̀ pé òun ni ìyá ńlá àwọn Quashie. Obìnrin Quashie ló sì máa ń se oúnjẹ òkú àwọn Dunsmure. Clemencia ló ń sè é báyìí. Ìyá rẹ̀ sè é, ìyá ìyá rẹ̀ sè é. Wọ́n ní ọ̀rẹ́ ni ilé méjèèjì látilẹ̀wá.

Ní èbúté, níbi tó ti ń dúró de ọkọ̀ ojú omi, Veldon pe Merle àbúrò rẹ̀ lórí fóònù, ó sì sọ ohun tó rí fún un.

"Ìfà lẹ lọ wá, òfò lẹ gbé bọ̀," Merle ní. "Ẹ dà á sókun, ẹ̀gbọ́n mi. Tí Clemencia bá bínú, ta ló máa sè é? Ẹ̀yin tí omi lásán ń jóná mọ́ lọ́wọ́?"

"Ó yẹ kó gbọ́."

"Igba ọdún ti kọjá!"

Veldon pa fóònù.

Clemencia ń bó ẹ̀wà òtìlì ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Òun àti Veldon ni wọ́n jọ kàwé ní kékeré.

"Ojú rẹ rí bí ojú ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ rì," ó ní. "Ṣé Jeannette yín sá lọ ni?"

"Mo rí i. Òun ló ni Fanchette."

Ọwọ́ Clemencia dúró nínú igbá. "Tún un sọ."

Ó tún un sọ. Ó sọ iṣẹ́ tí wọ́n kọ sí iwájú orúkọ Fanchette pẹ̀lú.

"Alásè." Clemencia wo òkun. "Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń se oúnjẹ yẹn láìfiyọ̀ sí i, bí àwọn òkú yín ṣe ń fẹ́ ẹ. Ẹ ò pe òkú tèmi rí."

"A ò pè wọ́n rí."

"O wá bẹ̀ mí ni?"

"Mi ò wá bẹ̀ ọ́ kí o wá dáná. Mo wá sọ fún ọ ni."

Clemencia gbé igbá òtìlì lé e lọ́wọ́. "Ó yá. Lọ sè é fúnra rẹ."

Lọ́jọ́ Àìkú, tùwó àgbàdo Veldon jóná nídìí. Adìyẹ kò jinná dénú. Àwọn èèyàn ń fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Orúkọ ìyá rẹ̀ nìkan ló wà lára òkúta.

Wọ́n tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì. Veldon ta omi sílẹ̀.

"Cudjoe," ó ní. "Rosalie. Present."

Clemencia ti dé ẹnu géètì pẹ̀lú aṣọ ìjọ́sìn rẹ̀.

"Fanchette," Veldon ní.

Merle fa apá aṣọ rẹ̀. "Jeannette ńkọ́?"

"Jẹ́ kí àwọn tó ń sè kọ́kọ́ jẹun," Veldon wí, ó sì fa àga kan jáde fún Clemencia.