Sítíárì Ọwọ́ Ọ̀tún

"Mashood, bí ayùn yẹn bá kan mọ́tò Bàámi, ara tìẹ ni kí o kọ́kọ́ fi rẹ́!"

Ohùn Rúùtù ti wọ àgbàlá kí òun fúnra rẹ̀ tó wọ̀ ọ́. Nídìí Ọjà Akẹ̀sán, níbi tó ti ń tún wáyà mọ́tò ṣe, ni wọ́n ti wá ta á lólobó. Wáyà oníbàárà ṣì wà ní èjìká rẹ̀. Mashood, pánẹ́lù-bítà tí wọ́n pè wá láti Sábó l'Ógbómọ̀ṣọ́, dá ọwọ́ dúró. Ó ti fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà funfun sára dáṣíbọ́ọ̀dù, níbi tó fẹ́ gé.

"Má dá a lóhùn," ni Fọlábí wí. Abẹ́ igi máńgòrò ló jókòó sí, ó ká ẹsẹ̀ léra. "Iṣẹ́ tí mo pè ọ́ sí ni kí o ṣe. Èmi ni àkọ́bí Bàbá Mátíù."

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ kú àárọ̀. Àkọ́bí ni yín lóòótọ́. Ẹnì kan ò sọ fún mi pé àkọ́bí jẹ́ orúkọ àìsàn tí ń fọ́ni lójú."

"Rúùtù, ẹ̀gbọ́n rẹ lò ń bá sọ̀rọ̀ báyẹn."

"Mo mọ̀. Bí ẹ ò bá ṣe ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀rọ̀ tí ǹ bá sọ ò ní ṣeé gbọ́."

Mashood rẹ́rìn-ín, ó rí ojú Fọlábí, ó gbé ẹ̀rín náà mì.

Mọ́tò tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ ta ọ̀rọ̀ síra wọn ò sọ nǹkan kan. Ó dùbúlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ jẹ́jẹ́, ó gùn nímú, ó ṣe rìbìtì nídìí, ó dúdú-ṣe-àwọ̀-ewé bí igbó lẹ́yìn òjò. MGB GT ni. Wáyà fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́ ló gbé táyà rẹ̀ ró, gbogbo wọn ń dán bí abẹ́rẹ́ tuntun. Àwọn ará àdúgbò kì í pè é ní MG. Àwòdì ni wọ́n ń pè é.

Mátíù, bàbá wọn, tó jẹ́ tíṣà, ló rà á nílùú òyìnbó nígbà tó lọ kàwé. Ó gbé e wọ ọkọ̀ ojú omi wá sílé nígbà tí apá òsì títì ṣì ni gbogbo mọ́tò ń gbà ní Nàìjíríà. Nígbà tó ṣe, ìjọba ní kí gbogbo ènìyàn bọ́ sápá ọ̀tún. Àwọn tí sítíárì mọ́tò wọn wà lọ́wọ́ ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í tà á, àwọn mìíràn gé e, wọ́n gbé e lọ sósì. Bàbá kọ̀. Ó ní, "Títì ló yí padà. Mọ́tò mi ò dẹ́ṣẹ̀ kankan."

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá jókòó lọ́wọ́ ọ̀tún, tó sì ń gba ọwọ́ ọ̀tún títì, kò lè rí iwájú bí mọ́tò ńlá bá dí i lójú. Ẹni tó wà lápá òsì ni yóò yọrí wò ó fún un. Láti ọmọ ọdún mẹ́fà ni Rúùtù ti ń jókòó síbẹ̀. Bàbá á ní, "Ojú mi dà?" Rúùtù á yọrí, á ní, "Ọ̀nà mọ́, Bàámi." Ìgbà yẹn ni Àwòdì yóò fò. Fọlábí ti jókòó síbẹ̀ rí ṣáájú rẹ̀, àmọ́ Bàbá gbé e lọ sẹ́yìn lọ́jọ́ kan, kò sì sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni títí tó fi kú lọ́dún méjì sẹ́yìn.

"Onílé ìtura kan fẹ́ rà á," ni Fọlábí wí. "Ó ní òun ò ra sítíárì ọ̀tún. Òótọ́ ló sì sọ. Bàbá pàápàá ò dá wà á kúrò nílùú yìí rí. Mọ́tò tó jẹ́ pé ojú ẹlòmíì ló fi ń ríran, afọ́jú ni. Ìtọ́jú ni mo fẹ́ ṣe fún un."

"Ẹ fẹ́ fi ayùn la ojú afọ́jú."

"Bí kì í bá ṣe afọ́jú, ìwọ dá wà á dé Ògbómọ̀ṣọ́ ká wò ó."

Rúùtù sọ wáyà èjìká rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó ti ń retí láti ọdún méjì nìyẹn.

"Ó dáa. Láti ibí dé ẹnu ilé Dádì Ọláníyì. Ẹ jókòó sápá òsì, kí ẹ pa ẹnu dé. Bí mo bá bi yín léèrè ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo pé ṣé ọ̀nà mọ́, tàbí kí mọ́tò kú sójú títì, kí Mashood gé e. Bí mo bá dé láìbi yín, ìwé mọ́tò yóò kúrò lọ́wọ́ yín bọ́ sọ́wọ́ mi."

Fọlábí wo mọ́tò, ó wo àbúrò rẹ̀, ó wo oòrùn. Ó rẹ́rìn-ín. "Kí Dádì Ọláníyì ṣe adájọ́."

Dádì Ọláníyì ni ọ̀rẹ́ Bàbá. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ lọ sókè òkun. Ó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ olùkọ́, ó ń gbé l'Ógbómọ̀ṣọ́, ládùúgbò Under G, kò sì sí ọ̀rọ̀ ìdílé yìí tí wọ́n ń parí lẹ́yìn rẹ̀. Fọlábí ní kí Mashood máa lọ dúró dè wọ́n níbẹ̀. Mashood di ayùn àti irin iṣẹ́ rẹ̀ sẹ́yìn ọ̀kadà, ó ṣáájú wọn lọ.

Rúùtù ò kánjú. Ó bu omi sí rẹdiétọ̀. Ó gbé ìjókòó síwájú, ó yẹ bátìrì wò, nítorí ẹ̀yìn ìjókòó ni bátìrì Àwòdì wà, kékeré méjì, wọ́n sì so wọ́n ní òdìkejì bí wọ́n ṣe ń so ti mọ́tò yòókù. Mẹkáníìkì méjì ti jó o níná nítorí pé wọn ò bi Rúùtù. Rúùtù náà ò kọ́ ọ níbì kankan. Ìwé tó bá mọ́tò wá láti òkèèrè ló ń kà títí tí ewé rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í já. Ó bọ́ bàtà. Aládùúrà ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti mọ ilẹ̀ lásán, bẹ́ẹ̀ ni bíréèkì Àwòdì sì ń fẹ́ ẹsẹ̀ tó gbọ́ èdè. Ó gbàdúrà kúkúrú, ó yí kọ́kọ́rọ́.

Ẹ́ńjìnnì húkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó wá bú. Kì í ṣe ariwo àwọn mọ́tò ìwòyí tó ń rìn bí ẹní ń jalè. Ohùn tó jinlẹ̀ ni, bí àgbàlagbà tó ń la ọ̀fun kó tó dá sí ọ̀rọ̀. Àwọn oníṣòwò tó wà lójú pópó dá ọwọ́ dúró. Ìyá kan tó ń ta bẹ́líìtì ní, "Háà, Tíṣà ló ń kọjá yìí."

Nígbà tí wọ́n jáde nílùú, Rúùtù fún un ní jíà kẹrin, títì sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ lábẹ́ wọn. Mọ́tò yìí kì í gbéni lọ, ńṣe ló ń bá ọ lọ. Bí òkúta kékeré bá wà lójú ọ̀nà, ìdí rẹ á gbọ́. Bí ìlà kọ́nà bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ rẹ á ti mọ̀ kí ojú rẹ tó rí i. Rúùtù wo imú rẹ̀ gígùn níwájú, ó ronú pé ẹni tó ṣe nǹkan yìí ò ṣe é fún ẹni tó fẹ́ débì kan. Ó ṣe é fún ẹni tí kò fẹ́ kí ọ̀nà tán.

Fọlábí di bẹ́líìtì mú gírígírí.

Wọ́n ò tíì dé odò Ọbà nígbà tí wọ́n bá tírélà. Ẹrù gbáàgúdá ló gbé, ó ga bí ilé alájà méjì, ó ń rá bí ìgbín. Rúùtù yọrí sápá ọ̀tún, koríko ló rí. Ó sún mọ́ òsì díẹ̀, ẹ̀yìn tírélà ló rí. Máìlì kan kọjá, òmíràn tẹ̀ lé e. Àwòdì kì í fẹ́ kí wọ́n fi ẹsẹ̀ dì í. Abẹ́rẹ́ tó ń sọ bí omi ṣe gbóná kúrò láàárín, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè.

Fọlábí náà rí abẹ́rẹ́ náà. Ó fi ọwọ́ nu fìlà rẹ̀, ó ń kọrin jẹ́jẹ́ nínú imú.

"Ẹ kú orin o, Bọ̀ọ̀dá."

"O ní kí n pa ẹnu dé. Imú ni mo fi ń kọ ọ́."

Abẹ́rẹ́ tún gòkè. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ló wà lẹ́nu Rúùtù: ṣé ọ̀nà mọ́? Ó gún un lẹ́nu bí egungun ẹja. Bí ó bá sọ ọ́, wọn á gé Àwòdì. Bí kò bá sọ ọ́, omi á hó, mọ́tò á kú, wọn á gé e bákan náà.

Nígbà náà ló rántí ohun tí Bàbá ń ṣe lọ́jọ́ tí ibà bá dè òun mọ́lé, tí Bàbá sì dá jáde. Àṣé Bàbá máa ń dá jáde. Bàbá ní, "Bí ọ̀nà bá yí sí ọ̀tún, èmi ni mo ni ojú."

Rúùtù fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn. Tírélà lọ síwájú, àyè ṣí láàárín wọn. Fọlábí rò pé ó ti gbà fún òun, ó gbé ohùn orin rẹ̀ sókè. Rúùtù ń dúró de ọ̀nà. Ìlà kọ́nà kan yí sí òsì, ó jẹ́ kó kọjá. Èyí tó tẹ̀ lé e yí sí ọ̀tún, ó gùn, ó sì rọra. Bí tírélà ṣe tẹ̀ lé e, ìhà rẹ̀ ṣí sílẹ̀ bí ilẹ̀kùn, Rúùtù sì rí gbogbo iwájú láti ojú fèrèsé ọ̀tún: títì gbọọrọ, kò sí mọ́tò kan tó ń bọ̀, àfi ọlọ́kadà kan tó gbé irin sẹ́yìn, tó ń bá ọ̀nà tiwọn lọ.

Ó já jíà padà sí ìkẹta, ó tẹ̀ ẹ́.

Àwòdì fò. Táyà tírélà yí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí òkúta ọlọ, ohùn ẹ́ńjìnnì kún inú mọ́tò dé òrùlé. Rúùtù fọn fèrè, ọlọ́kadà juwọ́, wọ́n sì ti kọjá òun náà. Kò ráyè wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Atẹ́gùn wọlé, abẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀.

Dádì Ọláníyì ti dúró sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ kí wọ́n tó yà síbẹ̀. Ó ti gbọ́ ohùn ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ìkóríta. Rúùtù kúnlẹ̀ kí i. Bàbá àgbà náà rìn yí mọ́tò ká lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní kí wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fi awò ojú ka nọ́ńbà tó wà lára ẹ́ńjìnnì, ó fi wé èyí tó wà nínú ìwé. Ó wá rí ìlà ṣọ́ọ̀kì lára dáṣíbọ́ọ̀dù.

"Ta ló fa èyí?"

Wọ́n ṣàlàyé fún un. Ó mi orí.

"Fọlábí, àwọn tó mọ iyì rẹ̀ lókè òkun, ohun tí wọ́n ń wá kiri nìyí: ẹ́ńjìnnì tí wọ́n bí mọ́ ọn, sítíárì níbi tí ẹni tó ṣe é fi í sí. Owó tó lè ra ilé ni o jókòó sínú rẹ̀ wá síbí yìí. Bí ayùn bá kàn án, irin àlòkù ló kù."

Fọlábí gbé ojú sókè. Ó wo mọ́tò náà bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé rẹ̀.

"Ó dáa," ni Dádì Ọláníyì wí. "Ṣé ó bi ọ́ léèrè lójú ọ̀nà, àbí kò bi ọ́?"

"Ó bi mí, sà."

Rúùtù yí padà. "Bọ̀ọ̀dá."

"Lẹ́yìn tírélà gbáàgúdá ni, sà. Ẹ̀rù bà á. Ó ní ṣé ọ̀nà mọ́, mo yọrí, mo wò ó fún un, mo ní kó máa lọ. Èmi ni mo mú un kọjá. Nítorí náà, sà, mọ́tò ṣì wà lọ́wọ́ mi, n ò sì ní gé e mọ́."

Rúùtù la ẹnu, bàbá àgbà náà gbé ọwọ́ sókè. Ọ̀kadà kan ń wọlé bọ̀ lẹ́yìn wọn, eruku bò ó.

"Ẹni tó wòran fún awakọ̀ á mọ ohun tó rí," ni Dádì Ọláníyì wí. "Kí ló wà níwájú tírélà náà?"

"Kò sí nǹkan kan, sà. Títì ṣófo láti ibẹ̀ dé odò Ọbà."

Mashood pa ọ̀kadà rẹ̀, ó tú ayùn kúrò lẹ́yìn, ó sì gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, èmi ni mo wà níwájú tírélà yẹn. Mo juwọ́ sí yín, mo tún pe orúkọ yín. Fìlà lẹ fi bojú, ẹ sì ń pe Jésù."