Orin Gìgísẹ̀ Michel

Michel ti yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì kí Didier tó rí i. Ó fi ọwọ́ kan ti ògiri ilé onílé, ó ń fi èkejì ra gìgísẹ̀ ọ̀tún rẹ̀, àwọn tó kù nínú ẹgbẹ́ asáré sì ń kọjá lára rẹ̀ pẹ̀lú orin àti fèrè.

Gbogbo òwúrọ̀ Sátidé ni wọ́n máa ń sáré bẹ́ẹ̀ ní ìlú Atakpamé ní Togo, tọkùnrin tobìnrin, láti orí òkè títí dé ìsàlẹ̀ ọjà. Didier ni olórin wọn. Olùkọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni, ohùn rẹ̀ já gaara, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ lọ. Orin rẹ̀ ló ń darí eré. Bó bá mú un yára, ẹsẹ̀ gbogbo wọn á yára.

Òun náà ló ṣòfin ẹgbẹ́. Ó ti lọ kọ́ nípa eré ìdárayá ní Lomé, nígbà tó dé, ó pè wọ́n jọ: "Ẹ máa na iṣan yín kí ẹ tó sáré. Ẹ máa rọra sọ̀ kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè. Ẹni tí ẹsẹ̀ bá ń dùn, kó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó máa rìn bọ̀. Kò sí ìtìjú níbẹ̀."

Michel pa òfin yìí mọ́. Àmọ́ orin ti wọ Didier lára láàárọ̀ ọjọ́ náà, àwọn èèyàn ń yọjú lójú fèrèsé, ohun tó máa pa wọ́n lẹ́rìn-ín ló sì ń wá. Ó nawọ́ sí Michel, ó dá orin:

"Ta ló dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì?"

"Michel ni," ni wọ́n gbè.

"Kí ló mà ṣe é o?"

"Gìgísẹ̀ ni."

"Ẹ gbé e fún ìyá ẹ̀ kó pọ̀n ọ́n, ọmọ ọwọ́ kì í bágbà sáré."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú àwọn kan. Michel, àgbẹ̀ tó ń dá oko iṣu ńlá ní ọ̀nà Datcha, bọ́ sójú títì padà. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Ó gba gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú eré, Didier sì tún mú orin yára sí i nítorí pé ó ń dùn mọ́ ọn. Nísàlẹ̀ òkè, wọ́n gbọ́ ohun kan tó dún pàù bí ìgbà tí èèyàn ṣẹ́ igi gbígbẹ. Michel jókòó sílẹ̀ lójú títì, ó bojú wẹ̀yìn láti mọ ẹni tó gbá òun lẹ́sẹ̀. Kò sí ẹnì kankan lẹ́yìn rẹ̀.

Iṣan gìgísẹ̀ rẹ̀ ló já. Wọ́n tún un so ní ilé ìwòsàn, wọ́n fi símẹ́ǹtì funfun di ẹsẹ̀ náà, wọ́n sì ní kó gbàgbé oko lọ́dún yìí. Ẹgbẹ́ asáré lọ kí i. Didier ní òun ń máàkì iṣẹ́ àwọn ọmọ. Wọ́n tún lọ, ó ní inú ń run òun. Irọ́ ni. Ojú ló ń tì í. Bó bá ti rántí bí Michel ṣe bọ́ sójú títì padà láìwo ojú èèyàn, ara rẹ̀ á gbóná dé etí.

Ẹyin lọ̀rọ̀ lóòótọ́, bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́. Ti orin yàtọ̀: kì í fọ́, ṣe ló ń pamọ. Lọ́jọ́ kan tí àwọn ọmọ ilé ìwé jáde ṣeré, Didier gbọ́ orin ara rẹ̀ láti ojú fèrèsé. Ọmọbìnrin kan láti kíláàsì rẹ̀ ń tiro níwájú, ó di gìgísẹ̀ mú, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pàtẹ́wọ́ tẹ̀ lé e: "Ẹ gbé e fún ìyá ẹ̀ kó pọ̀n ọ́n." Kò sí ọ̀rọ̀ kan tó yẹ̀. Didier dìde láti bá wọn wí. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró. Ṣé yóò bi wọ́n pé ta ló kọ́ wọn ni? Ó padà lọ jókòó. Nígbà tí ilé ìwé jáde, ilé Michel ló gbà lọ.

Àpọ̀kẹ́, ìyá Michel, ló bá lójúde, tó ń bó ẹ̀gẹ́. Ó tẹ̀ ba kí i.

"Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá. Ẹ kú ìtọ́jú aláìsàn."

"O ṣeun, ọmọ mi. Ìwọ ni olùkọ́ olórin yẹn, àbí? Michel máa ń sọ̀rọ̀ rẹ. Wọlé." Ó gbé abọ́ ẹ̀gẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lé e.

Michel wà lórí ẹní, ó na ẹsẹ̀ gbọọrọ. "Olùkọ́, o dé," ó ní. Ó yíjú sí ògiri.

"Kí ni dókítà wí?"

Àpọ̀kẹ́ ló dáhùn. "Ọjọ́ tí wọ́n ní kó padà wá sí lópitálì ti kọjá. Kò lọ. Ó ní iwájú ilé ìwé ni ọ̀nà gbà, pé àwọn ọmọdé ń fi òun kọrin. Ẹsẹ̀ náà sì ti ń rùn nínú símẹ́ǹtì yẹn. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, ó kọ̀. Wọ́n tún fi èmi náà kún orin, èmi tí mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Olùkọ́, ìwọ lo wà nílé ìwé. Ta ló dá a?"

"Màmá, ta ló ń mọ ẹni tó dá orin?" Michel tètè fèsì. "Ẹ fi sílẹ̀."

Ó ń bo Didier láṣìírí, ògiri ló sì ń wò. Ìyẹn dun Didier ju gbogbo ohun tó kù lọ. Ká ní Michel bú u ni, ì bá mọ bí yóò ṣe bẹ̀ ẹ́.

"Èmi ni, Ìyá," ó ní. "Èmi ni mo dá a. Èmi kan náà ni mo sọ fún un pé bí ẹsẹ̀ bá ń dùn ún, kó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ṣe bí mo ṣe wí, mo wá fi í ṣẹ̀sín."

Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ Àpọ̀kẹ́. Ó wò ó títí.

"Kọ ọ́ kí n gbọ́."

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́."

"Ìdajì ni mò ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ọmọdé. Kọ gbogbo ẹ̀."

Didier kọ ọ́. Ohùn tó máa ń dé òkè kejì kò ju inú yàrá lọ. Kò sẹ́ni tó gbè é, òun náà ló ń dáhùn orin ara rẹ̀. Nígbà tó dé ibi ọ̀rọ̀ ìyá, ó fẹ́ fò ó, àmọ́ Àpọ̀kẹ́ ń wo ẹnu rẹ̀, ló bá kọ ọ́ tán. Kò mọ ibi tí yóò gbé ojú sí.

"Ó tán?"

"Ó tán, Ìyá."

"Ohùn rẹ dára," ni Àpọ̀kẹ́ wí, kò sì fi ṣẹ̀fẹ̀. "Lọ́la, ìwọ ni wàá mú un lọ sí lópitálì."

"Màá gbé alùpùpù wá ní kùtùkùtù, kí àwọn ọmọ tó dé. A lè gba ẹ̀yìn ọjà."

"Rárá. Iwájú ilé ìwé ni kí ẹ gbà, nígbà tí wọ́n bá jáde ṣeré."

Didier rí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ lọ́kàn, gbogbo wọn lórí pápá, tí wọ́n ń wo òun. Michel yíjú kúrò lára ògiri, ó wò ó.

"Tí wọ́n bá dá orin ọ̀hún ńkọ́?"

"Màá dúró," ni Didier wí. "Màá sọ ohun tí mo ṣe fún wọn, màá sì ní kí wọ́n yọ orúkọ rẹ, kí wọ́n fi tèmi sí i."

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu Michel, kò bọ́. Ó wá aṣọ rẹ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní, ó jù ú sí Didier. "Bá mi fọ ìyẹn. Mi ò lè wọ aṣọ ìdọ̀tí kọjá níwájú wọn."

Didier mú aṣọ náà, ó sì bi Àpọ̀kẹ́ pé níbo ni ọṣẹ wà.