Ẹ̀bẹ̀ Olùdarí

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kò lè béèrè iyọ̀ nídìí oúnjẹ bíi ti ẹlòmíràn. Á kọ́kọ́ dákẹ́, á wò yíká títí gbogbo wa á fi gbójú sókè, ká tó gbọ́ pé iyọ̀ lásán ló ń wá. Bí eré orí ìtàgé ṣe bà á jẹ́ nìyẹn. Káńsẹ́lọ̀ ni lónìí, ó ní ọ́fíìsì, ó ní akọ̀wé, ṣùgbọ́n Olùdarí ni gbogbo àdúgbò ṣì ń pè é, nítorí òun ló dá ẹgbẹ́ eré wa sílẹ̀ nínú gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ tó wà lẹ́yìnkùlé wa. Èmi ni mo ń rán aṣọ fún wọn. Òun ló ń lẹ téèpù mọ́lẹ̀ kí oníkálùkù lè mọ ibi tó máa dúró sí, òun náà ló sì ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń sunkún.

"Ẹ má sáré sunkún," á ní. "Ẹ gbé e mì ná. Ẹ jẹ́ kí èrò rí i pé ẹ̀ ń gbé e mì."

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ló mọ̀ ọ́n ṣe jù nínú gbogbo wọn.

Ìyàwó wa kú nígbà tí ìbò ń sún mọ́lé. Ọmọ náà nìkan ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá rẹ̀ ní ọsibítù; bàbá rẹ̀ wà níbi ìpàdé ìpolongo, ó ti pa fóònù. Èyí ì bá ṣeé gbà mọ́ra, torí kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ọjọ́ náà ni. Ohun tó ṣe lẹ́yìn ìsìnkú ni kò ṣeé gbà mọ́ra. Ó gun pèpéle ìpolongo, ó mú máìkì, ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó sì sọ̀rọ̀ ìyàwó wa fún èrò. Ó dákẹ́ níbi tó yẹ kó dákẹ́. Ó gbé ẹkún mì. Gbogbo àwọn tó jókòó sórí àga oníke ń nu ojú, èmi náà sunkún bí ẹni tí wọ́n nà. Ó wọlé ìbò wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ọmọ náà kò sunkún ní tiẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo bàbá rẹ̀ bí ẹni ń wo olè. Nígbà tí wọ́n délé, ó ní, "Ẹ ti fi màmá mi wá ìbò," ó sì kó ẹrù rẹ̀. Láti ìgbà náà, kò gbé ìpè bàbá rẹ̀ mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ tẹnu mi: mo bínú sí ẹ̀gbọ́n mi, inú ṣì ń bí mi. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn obìnrin yẹn dénú. Kò kàn mọ ibòmíràn tó lè gbé ìbànújẹ́ lọ ju orí pèpéle lọ ni.

Nígbà tí mo gbọ́ pé ọmọ náà ti ríṣẹ́ sí òkè òkun, tí kò sì ní in lọ́kàn láti padà, mo bẹ̀ ẹ́ títí ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó.

"Ó dáa, Àǹtí, mà á yà kí wọn," ó ní. "Tí wọ́n bá lè bẹ̀ mí bíi bàbá lásán, láìṣeré, mà á dárí jì wọ́n. Tí wọ́n bá fi lè ṣeré fún mi, ó parí nìyẹn."

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá ẹ̀gbọ́n mi bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. "Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má múra ọ̀rọ̀ kankan sílẹ̀. Ohun tó bá wà nínú yín ni kẹ́ ẹ sọ."

"Ṣé ìwọ ló fẹ́ kọ́ mi lọ́rọ̀ sísọ ni?" ó ní. Ẹnu lásán ni. Ẹ̀rù ń bà á, mo rí i.

Ọ̀sán Sátidé ló bọ́ sí. Mo gbá pálọ̀ ẹ̀gbọ́n mi lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, mo nu tábìlì, mo ṣí fèrèsé. Ọmọ náà tètè dé. Mo ṣílẹ̀kùn fún un, mo fẹ́ fà á mọ́ra, la bá gbọ́ ohùn láti inú yàrá.

"Dárí jì mí, ọmọ mi." Ohùn náà rinlẹ̀ dáadáa. Ó dákẹ́. "Ọmọ mi... dárí jì mí." Èyí lọ sílẹ̀ díẹ̀, ó tún dákẹ́. "Dárí jì mí!"

Mo fẹ́ wúkọ́, mo fẹ́ da nǹkan lulẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ náà gbá mi lọ́wọ́ mú.

"Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ọ, Àǹtí."

"Dárí..." Ẹ̀gbọ́n mi dúró níbẹ̀. A gbọ́ tí bẹ́ẹ̀dì dún bó ṣe jókòó. Ohun tó tẹ̀lé e kì í ṣe ọ̀rọ̀. Ó dà bí ìgbà tí ọmọdé ṣubú tí kò tíì rí èémí mí. Ó ń fa ikun símú, ó ń ṣe òsúkè, ó wá ń pe ìyàwó wa ní orúkọ tó máa ń pè é nínú ilé, ó ń bi í pé báwo lòun ṣe fẹ́ ṣe é. Bó ṣe sunkún lọ́jọ́ tí ìyá wa kú nìyẹn, nígbà tá a ṣì kéré. Mi ò gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà, kò sì kọ́ ẹnikẹ́ni bẹ́ẹ̀ nínú gbọ̀ngàn rí.

Mo yíjú sí ọmọ náà. Inú mi ti ń dùn, mo rò pé òun náà ti gbọ́ ohun tí mo gbọ́.

"Èyí tó kẹ́yìn yìí ló dáa jù," ó ní. "Kí wọ́n lo ìyẹn."

"Ìyẹn kì í ṣe eré! Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, mo mọ ẹkún ẹ̀gbọ́n mi!"

"Ẹ̀yin náà sunkún lọ́jọ́ tí wọ́n ń wá ìbò, Àǹtí."

Kò jágbe mọ́ mi. Ó dì mọ́ mi, ó sì sọ̀kalẹ̀ lọ. Mo sáré tẹ̀ lé e dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, mò ń pè é bí mo ṣe máa ń pè é nígbà tó wà ní kékeré. Kò wẹ̀yìn.

Nígbà tí mo padà sókè, ẹ̀gbọ́n mi ti jáde sí pálọ̀. Ó ti bọ́jú, ó ti wọ ẹ̀wù tí mo lọ̀ fún un, ó ń sún àga méjì kí wọ́n lè kọjú síra.

"Ṣé kò tíì dé ni?"

"Ó ti wá, Bọ̀dá mi. Ó ti lọ."

Ó rọra jókòó. "Ó gbọ́ mi?"

"Ó gbọ́ yín. Ó ní èyí tó kẹ́yìn ló dáa jù."

Ó wò mí, kò yé e. Mo rí i tó ń rò ó, tó ń wá a nínú orí rẹ̀.

"Èyí tó kẹ́yìn báwo?" ó ní. "Èyí tó kẹ́yìn kò jáde. Mi ò rí nǹkan kan sọ."

"Mo mọ̀," mo ní, mo sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo mọ̀ lóòótọ́. Kí ni mímọ̀ tèmi fẹ́ ṣe fún un?