Gíláàsì fún Ojú Àṣá

Ojú Àṣá ni wọ́n ń pè é ní pápá bàálù, nítorí láyé ìgbà kan, kò sí ohun tó lè kọjá lókè kó má rí i. Àmọ́ orúkọ kì í bá èèyàn ríran. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, díẹ̀ ló kù kí bàálù tó ń wà àti ti ẹlòmíràn forí gbárí lójú ọ̀run. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ó ní gíláàsì ojú òun ló jẹ̀bi. Ni àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó ń ta gíláàsì, bá gbé àpótí ọjà rẹ̀ wá bá a ní pápá.

Bàálù tí wọ́n ń fò níbẹ̀ kò ní ẹ́ńjìnnì. Bàálù ẹlẹ́ńjìnnì kan ló ń fi okùn fà á gòkè, tí yóò sì tú u sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́. Láti ìgbà náà, kì í dún rárá. Ojú nìkan ni àwọn tó ń wà á fi ń yẹra fún ara wọn.

Ojú Àṣá fọwọ́ kan gíláàsì kan tó dúdú kirikiri.

“Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀, bọ̀ọ̀dá mi. Ẹni tó fẹ́ fojú pamọ́ ló wà fún. Ẹ wo aláwọ̀ oyin yìí, á jẹ́ kí nǹkan funfun hàn dáadáa lókè.”

“Ìwọ tí mo pọ̀n sẹ́yìn ló wá ń kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wo nǹkan!”

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Ojú Àṣá fi í sójú, ó ń fìka tẹ̀lé bàálù kan àti ẹlẹ́ńjìnnì tó ń fà á bí wọ́n ṣe ń gòkè. Okùn tú. Bàálù funfun yà sọ́tùn-ún jẹ́ẹ́jẹ́. Ẹlẹ́ńjìnnì, tó pupa fòò, yà sósì pẹ̀lú ariwo rẹ̀. Ìka Ojú Àṣá bá ariwo lọ.

“Mo rí i kedere! Wo apá ẹ̀ bó ṣe funfun!”

Àbúrò rẹ̀ bọ́ gíláàsì náà kúrò lójú rẹ̀. Ó fún un ní òmíràn, ó tún fún un ní òmíràn. Nígbà tó yá, ó ní kó fojú lásán wò ó. Ọ̀nà ibi tí ariwo ti ń rọlẹ̀ ló tún nàka sí. Ẹ̀tẹ̀ ni wọ́n fi sílẹ̀ tí wọ́n ń pa làpálàpá.

“Bọ̀ọ̀dá mi, etí lẹ fi ń tẹ̀lé e.”

Ojú Àṣá di ọwọ́ rẹ̀ mú. “Má sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi.”

“Àwọn tó wà lókè yẹn náà lẹ́ni tó bí wọn.”

Ó jókòó sórí koríko. “Látìgbà tí ìyàwó mi ti kú, òkè yẹn nìkan ni mo ti ń rí ìsinmi. Kí ni kí n wá máa ṣe nílẹ̀?”

Àbúrò rẹ̀ jókòó tì í.

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, wọ́n ń pariwo: “Ojú Àṣá! Èwo lo mú?”

Ó na ọwọ́ sí àbúrò rẹ̀ láìgbé ojú sókè.

“Bá mi mú dúdú yẹn.”