Fún Un ní Ìṣẹ́jú Márùn-ún

Láti oṣù mẹ́ta ni inú ti ń bí Aṣọ́kàn, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ló ń rín. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la fi ń pa àmúkùrù ẹ̀pọ̀n.

Òun ló ń so ọkàn eku rọ̀ mọ́ ọ̀pá gíláàsì ní yàrá ìwádìí, tí omi iyọ̀ lílọ́wọ́ọ́wọ́ á máa gba inú rẹ̀ kọjá dípò ẹ̀jẹ̀, tí ọkàn á sì máa lù láìsí eku nídìí rẹ̀. Òun ló rí i pé bí èèyàn bá fi òwú dí omi náà fún ìṣẹ́jú márùn-ún, tó tú u kí ọkàn sinmi, tó ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ọkàn á gbọ́n. Bí omi bá ti ń padà wọlé, ohun kan bí ìpẹtà á jẹ ọkàn náà díẹ̀. Ìjẹ díẹ̀ yẹn ló ń jí àwọn ẹ̀ṣọ́ inú rẹ̀. Bí wọ́n bá wá dí i fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kò ní kú.

Ọ̀gá yàrá náà gba ìwé tó kọ ọ́ sí, ó ní òun fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Orúkọ Ọ̀gá nìkan ló bá iṣẹ́ náà jáde.

Lónìí, àlejò mẹ́ta wá yan ẹni tí yóò ṣe olórí yàrá ìwádìí tuntun fún ọkàn. Ọ̀gá ní òun fúnra òun lòun máa ṣe é lójú wọn. Ọdún kẹwàá rèé tí ọwọ́ rẹ̀ ti kan òwú gbẹ̀yìn. Ó ṣí ìwé náà: "Dí i ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Fún un ní ìṣẹ́jú márùn-ún."

Ó dí i. Nígbà tí àkókò pé, kò tú òwú. Ó tún na ọwọ́ sí rọ́bà tí omi ń gbà wọ ọkàn, ó sì fún un pinpin bí ẹni ń fún ọsàn.

Aṣọ́kàn la ẹnu. Ọ̀rọ̀ kan péré ni ì bá sọ. Ó pa ẹnu dé. Àánú ọkàn eku ṣe é. Ti Ọ̀gá kò ṣe é rárá.

Ó ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta láìsí ìsinmi, ó wá dí i fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Nígbà tí wọ́n tú òwú níkẹyìn, ọkàn náà dákẹ́ lọ gbári.

"Àwọn ẹ̀ṣọ́ dà, Ọ̀gá?" ni àgbà obìnrin inú àwọn àlejò bi í. "Àbí wọ́n lọ jẹun ni?"

Ọ̀gá yíjú sí Aṣọ́kàn. "Kí lo kọ síbí yìí?"

"Èmi kẹ̀? Ṣé ìwé mi ni, sà?"

"Ìwé rẹ ni! Ìwọ lo kọ gbogbo rẹ̀!"

Àgbà obìnrin náà gbé bírò rẹ̀ kalẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ."

Ọ̀gá yára pa ìwé náà dé.

"'Fún un' láyè ni mo kọ, mà," ni Aṣọ́kàn wí. "Kì í ṣe kéèyàn fún un lọ́rùn."

Wọ́n ní kó ṣe òmíràn. Ó fọ ọwọ́, ó so ọkàn tuntun rọ̀, ó sì na aago sí Ọ̀gá.

"Ẹ bá mi máa ka ìṣẹ́jú."

Ọ̀gá gbà á. "Ó di ìṣẹ́jú kan," ó kùn.

"Ẹ gbóhùn sókè díẹ̀, sà," ni Aṣọ́kàn wí, bẹ́ẹ̀ ó ń gbọ́ ọ kedere.