Ohùn Yàtọ̀ sí Ariwo

Aránṣọ mi, ẹni tí mo fẹ́ fẹ́, jókòó sórí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn, ó di káàdì mẹ́ta mú bí ẹni di góòlù mú. Ibà ti gba etí rẹ̀ kó tó mọ ọ̀rọ̀ sọ, Gẹ̀ẹ́sì sì ni wọ́n fi kọ́ ọ ní ìwé ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn adití. Ìdí nìyí tí dókítà etí fi kọ Gẹ̀ẹ́sì sára káàdì náà: "sound", "noise", "voice". Tí wọ́n bá ti tan ẹ̀rọ tí wọ́n fi sí i létí, èyí tó bá gbọ́ ni yóò nà sókè.

Ó fi ọwọ́ bi mí pé, "Ṣé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì í ṣe ọ̀kan náà?"

Báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé ìyẹn fún ẹni tí kò rántí pé òun gbọ́ ohunkóhun rí? Mo tẹ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ mọ́ bẹ́ǹṣì, mo sì gbá igi náà gbì. Ó gbọ̀n lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. "Sound" nìyẹn, ìró: gbogbo ohun tó ń dún pátá. Mo ní kó rántí àjákù aṣọ àti òwú tó máa ń kún ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tí gbogbo wa ń fẹ́ gbá dànù. Ìró tó bá dà bẹ́ẹ̀, "noise" ni, ariwo. Lẹ́yìn náà mo gbé ìka rẹ̀ lé ọ̀fun mi, mo pe orúkọ rẹ̀. "Voice." Ohùn. Ìró tí èèyàn wà nínú rẹ̀.

Ìka rẹ̀ pẹ́ níbẹ̀. Ọkàn mi yọ́ bí àbẹ́là.

"Bí mi ò bá lè mọ ohùn rẹ yàtọ̀ sí ariwo," ó fọwọ́ sọ, "mi ò ní fẹ́ ọ. Kó o wá ẹni tó lè dá ọ lóhùn láti yàrá kejì."

"Olórí kunkun!" ni mo wí. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n. Tó bá ti sọ ọ́, ó ti sọ ọ́ náà nìyẹn.

Nínú yàrá, dókítà, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan, ní kí èmi àti ìyá aránṣọ mi, tó bá wa wá, dúró sẹ́yìn ọmọ rẹ̀. Ó tan ẹ̀rọ náà. Èjìká aránṣọ mi fò sókè. Dókítà fi ṣíbí lu tábìlì, aránṣọ mi na káàdì sókè: "sound". Dókítà wọ́ àga kan gbuurugbu lórí ilẹ̀: "noise". Omi ti lé ròrò sójú mi.

"Ó yá, Àǹtí, ó kàn yín."

Mo fi gbogbo agbára mi ké e: "Olólùfẹ́ mi! Èmi ni o!"

"Noise."

Mo tún ké e. "Noise." Ó tiẹ̀ ń mi káàdì náà.

Ìyá rẹ̀ fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi. "Ìyàwó, a ò tíì gbé ọ wọlé, o ti di ariwo."

N kò lè rẹ́rìn-ín. Ìgbéyàwó mi ni mo rí tó ń bá ẹnu ọ̀nà jáde.

Dókítà ló rẹ́rìn-ín. "Ẹ má bínú o, òótọ́ ló ń sọ. Ẹ̀ ń pariwo ni! Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe nílé adití gbogbo, wọ́n á máa kígbe mọ́ ẹni tí kò gbọ́. Ó ti ń gbọ́ báyìí. Ẹ bá a sọ̀rọ̀ bí èèyàn."

Bí èèyàn. Gbogbo ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tí mo ti há sórí fò lọ. Ohun tó wá sí mi lẹ́nu ni mo sọ, jẹ́jẹ́: "Bọ́tìnnì aláwọ̀ eérú ti tán ní ṣọ́ọ̀bù. Ká yà rà á tí a bá ń lọ sílé."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró gbagidi. "Noise" bọ́ sílẹ̀. Ó rọra gbé "voice" sókè. Láti ìgbà tí mo ti ń sọ̀rọ̀ láyé yìí, n kò mọ̀ pé irú nǹkan báyìí ló ń jáde lẹ́nu mi.

Ó yíjú wò mí. "Ó rẹlẹ̀," ó fọwọ́ sọ. "Mo rò pé yóò tóbi. Kí ló wí?"

Mo fọwọ́ sọ ọ́ fún un. Ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ara rẹ̀ dẹ́rù bà á, ó sì tún rẹ́rìn-ín kó lè gbọ́ ọ sí i. Ìgbà tó ṣe, ó kọjú sí ìyá rẹ̀, ó fọwọ́ sọ̀rọ̀ díẹ̀.

"Kí ló ní, Màmá?" dókítà bèèrè.

"Ó ní kí n lọ bá àwọn òbí ọmọ yìí dá ọjọ́." Ìyá rẹ̀ ń nu ojú. "Èmi tí mo ti ń kígbe mọ́ ọn láti kékeré! Bọ́tìnnì lásán ni eléyìí fi mú un."